Sáfà Ọkọ Ló Ń Kọ́kọ́ Lọ

Nígbà tí Sidikatou wọ ilé ọkọ rẹ̀ ní Attécoubé ní Abidjan, Moucharafou ò tíì mọ ìrìn. Ó ń rá kiri lórí ẹní, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì, ó sì tọ̀ sí ìyàwó tuntun lára kí wọ́n tó ṣí ìbòjú lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ kékeré ló ń kí i káàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, torí ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, bó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Sidikatou fọ ìdí fún un, ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, ó nà án nígbà tó kọ̀ láti lọ sílé ìwé, síbẹ̀ tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

Ní ọdún 2010 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Moucharafou ti di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní Marcory, ó ti ní irùngbọ̀n, ó ti ní ikùn. Sidikatou náà ti di ìyá àgbà. Ìdí rẹ̀ ti gbilẹ̀ débi pé àga kan ṣoṣo ló gbà á ní ọ́fíìsì, àga náà sì máa ń ké nígbàkígbà tó bá jókòó lé e. Ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé àga ń kí òun ni. Òun ni olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kan ní Adjamé, àwọn tó ń gbé èèyàn lọ sí Bouaké, Korhogo, títí dé Kútọnu. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láyé tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi tó ilé ìdáná, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára káàdì. Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ á bi í bóyá lóòótọ́ ni, á ní lóòótọ́ ni, pé ìgbà yẹn ni ìdí òun náà ṣì fẹ́lẹ́ bíi káàdì.

Ohun kan wà tó ní níbẹ̀ tí ẹlòmíì ò ní. Bí awakọ̀ àti akọ̀wé bá ń jà lórí ohun tí ẹ̀rọ sọ, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí Tantie wò ó." Tantie, ìyẹn Àǹtí, ni wọ́n ń pe Sidikatou níbẹ̀. Ohun tí Tantie bá sì sọ, ibẹ̀ ni ìjà ń parí sí. Òpin ọdún yẹn ló máa fẹ̀yìntì. Orúkọ yìí ló fẹ́ gbé relé, kò fẹ́ nǹkan míì.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Madame Denise, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, fẹ́ kí àwọn èrò máa ra ìwé ìrìnnà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ọdún tó dé, kí wọ́n yé fún ara wọn lọ́rùn ní ibùdókọ̀. Fún èyí, wọ́n nílò sáfà tó dára, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní serveur. Sáfà ni ètò tó jókòó sẹ́yìn ojú-ewé tí èèyàn ń rí: o béèrè àyè nínú ọkọ̀, òun ló ń sáré lọ wò ó nínú àká tí gbogbo àyè ọkọ̀ wà, òun ló ń gbé èsì wá bá ọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá béèrè, kò sí wàhálà. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá jọ béèrè nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ń jẹ́ ọkùnrin.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló gbé sáfà wá. Ti Moucharafou tóbi, ó wúwo, ó ń jẹ àyè nínú ẹ̀rọ. Ìkejì jẹ́ ti Nestor, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá bàbá rẹ̀ ti Àjàṣẹ́ wá ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó ní Bingerville. Tirẹ̀ fúyẹ́, ó sì yára dìde. Orúkọ tí sáfà méjèèjì ń jẹ́ gan-an kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà tó lè fọ́ èèyàn lẹ́yín, nítorí náà Sidikatou sọ ti Moucharafou ní Àjànàkú, ó sọ ti Nestor ní Ẹtu.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dán àwọn méjèèjì wò, kó sì kọ ìròyìn fún ìgbìmọ̀. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó lọ bá Madame Denise, ó ní kó mọ̀ pé ọkọ òun wà nínú àwọn méjèèjì. Madame Denise ya ẹnu, torí ó mọ ọkọ Tantie dáadáa, bàbá arúgbó tó ń tún aago ṣe. Ó di dandan kí Sidikatou ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ẹni tí a bá nílé àti ẹni tí a ò bá, títí dórí ìtọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Madame Denise rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun mọ Tantie, pé bó jẹ́ ọmọ inú rẹ̀, tó bá kùnà, Tantie máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kùnà.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sidikatou lára bí ọtí. Ó pinnu pé ìdánwò yìí yóò mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò lò, ètò ìwé ìrìnnà kan náà, àká kan náà. Ó kọ ètò kékeré tó ń ṣe bí èrò, tó ń béèrè àyè, tó ń yan ìjókòó, tó ń yí ọkàn padà bí àwọn obìnrin Korhogo. Iye èrò irọ́ kan náà ló rán sí sáfà méjèèjì. Kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ń ṣe é láràárọ̀, ó sì ń kọ iye tó wà láàárín gbogbo èsì sílẹ̀. Ọdún yẹn ni iná mànàmáná ń ṣe ségesège káàkiri Abidjan, tí wọ́n ń fi délestage pín in fún àdúgbò, nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń pa ẹ̀rọ pátá kí iná má baà jó o. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tan ẹ̀rọ, á rán èrò irọ́ sí Àjànàkú, á pa Àjànàkú, á wá rán wọn sí Ẹtu.

Àjànàkú, lẹ́yìn náà Ẹtu. Kò ronú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń bu oúnjẹ ọkọ kó tó bu ti àlejò.

Èsì ò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹtu fi Àjànàkú sílẹ̀ jìnnà. Sidikatou fi èsì ṣókí ránṣẹ́ sí Madame Denise, kó tó di ọ̀sán, àwọn tó ń já ìwé ní ibùdókọ̀ pàápàá ti gbọ́ pé Tantie ti gbé ọkọ ara rẹ̀ ṣánlẹ̀. Wọ́n ń yìn ín. Wọ́n ní irú obìnrin báyìí ò wọ́pọ̀ mọ́. Òun náà ń fẹ̀ bí ẹyẹlé.

Moucharafou pè é lórí fóònù. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kó tún ìdánwò náà ṣe. Kò bínú, kò sì sọ ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí Sidikatou mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé.

"Ìyàwó," ó ní, "mo mọ ẹranko mi. Kì í rìn bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," Sidikatou dáhùn, "ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ló máa ń sọ pé ilẹ̀ ò tẹ́jú."

Moucharafou kí i pé ó dàárọ̀, ó pa fóònù. Sidikatou sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ará ọ́fíìsì, wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló padà wá dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ dé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa jókòó, wọ́n máa gbọ́ ìròyìn, wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sidikatou ń tún ìròyìn kà, ó fẹ́ kó pé. Ó rántí pé èsì kan wà tí òun yọ kúrò. Lọ́jọ́ kan, iná ti lọ nígbà tí Àjànàkú parí tirẹ̀ tán, ẹ̀rọ sì kú. Nígbà tí iná dé, Ẹtu nìkan ló kù. Ẹtu sáré, àmọ́ ó ń wọ́ bí ẹni tí ọyún ti mú lẹ́sẹ̀. Sidikatou ní iná ló ba èyí jẹ́, kò yẹ kí òun fi ìyẹn rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Òdodo ló pe ìyẹn nígbà náà. Ó wá fẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, ìlà kan péré, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fi nǹkan pamọ́.

Ó kọ èsì tó yọ náà. Ó wò ó. Ó wo èsì Àjànàkú ti àràárọ̀ tó wà lókè rẹ̀.

Ọ̀kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ó rí i kedere bí ẹni tí wọ́n tan iná sí lójú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, gbogbo ohun tó wà nínú àká ṣì wà nísàlẹ̀ nínú dísìkì. Sáfà tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, yóò gbọn eruku, yóò ru iṣu gòkè wá. Nígbà tí ìkejì bá máa dé, iṣu ti wà lẹ́nu ilé ìdáná, ó ku kó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Láràárọ̀ ni òun ń rán Àjànàkú sísàlẹ̀ àká. Láràárọ̀ ni Ẹtu ń bá iṣu nílẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí Ẹtu sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ti pe ìyẹn ní ohun tó bàjẹ́, òun ti dà á nù.

Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, irọ́ kan náà ló ń tún pa. Irọ́ tí a bá pa lójoojúmọ́ kì í tipa bẹ́ẹ̀ di òótọ́.

Kí ló mú òun fi Àjànàkú síwájú nígbà gbogbo? Ó jókòó, ó ń bi ara rẹ̀, ìdáhùn náà dé. Torí pé ti ọkọ òun ni. Torí pé nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ òun, kò sí ohun tí àlejò ń fọwọ́ kàn ṣáájú ọkọ. Òun tó ń yangàn pé òun ò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́, ọ̀wọ̀ ni òun fi pa Moucharafou láràárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jáde bí ikọ́.

Àwọn èèyàn ti lọ jẹ attiéké ọ̀sán wọn. Ó wọ yàrá ẹ̀rọ lọ, ó pa ẹ̀rọ pátá, ó tún un tàn, ó kọ́kọ́ rán èrò irọ́ sí Ẹtu. Ẹtu ń wọ́. Nígbà náà ni òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Nestor ni, ó ti tètè dé fún ìpàdé, ó wọ táì, ó gbé àpò lọ́wọ́.

"Tantie, ṣé tèmi ló ń sáré yẹn?"

"Tìẹ ni."

"Ṣé ìdánwò ò tíì parí ni?"

"Mo rò pé ó ti parí. Wọlé, kóo ti ilẹ̀kùn."

Nestor wọlé, àmọ́ kò ti ilẹ̀kùn. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo Sidikatou. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀ tó, ó bọ́ sínú Faransé: pé kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kan sáfà òun lẹ́yìn òun, pàápàá lọ́jọ́ ìpàdé, pé gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tí Moucharafou jẹ́ sí Tantie, pé bóyá kí òun pe Madame Denise. Kò pariwo. Ọmọ ilé akọ̀wé ni, ìbínú rẹ̀ náà lọ ilé ìwé. Ojú ti Sidikatou débi pé òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọmú rẹ̀.

Ó dìde. Ó ní, "Jókòó síbí. Fọwọ́ ara rẹ ṣe é. Èmi á dúró lẹ́bàá ògiri, n ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Nestor jókòó. Ó ṣe é fúnra rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án, ó fi Ẹtu ṣíwájú, ó fi Àjànàkú tẹ̀lé e. Ẹtu wọ́. Àjànàkú fò. Ó yí i padà, ó tún pa ẹ̀rọ, ó fi Àjànàkú ṣíwájú: Àjànàkú wọ́, Ẹtu fò. Ó tú táì rẹ̀ díẹ̀.

Ó yíjú sí Sidikatou. "Tantie, ẹ gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ èyí àfi àwa méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, wọn ò ní gbọ́ ti àká, wọn ò ní gbọ́ ti dísìkì. Ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé ìyàwó lọ tọrọ àánú fún ọkọ rẹ̀. Orúkọ yín ló máa bàjẹ́."

Kò halẹ̀ mọ́ ọn. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe é, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀, torí òótọ́ ló sọ. Tó bá dákẹ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ yóò máa yìn ín títí tó fi máa relé, Moucharafou yóò sì gbà pé ẹranko òun ò mọ̀ ọ́n rìn. Tó bá sọ̀rọ̀, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ohun kan ṣoṣo tó ní. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, wọ́n ti ń sọ ọ́ látìgbà ìwáṣẹ̀. Kò tíì mọ̀ rí bó ṣe ń rí lára òtítọ́ fúnra rẹ̀ láti jókòó sọ́jà. Ẹ̀rù bà á títí ìtọ̀ fi gbọ̀n ọ́n, ó ní láti sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́ kí wọ́n tó pè é sí ìpàdé.

Ní ìpàdé, Madame Denise ló jókòó sípò olórí, Àlhájì Adamou jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀. Àlhájì yìí ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ náà; ọmọ Ṣakí tí wọ́n bí sí Adjamé ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ tuntun. Moucharafou àti Nestor jókòó sódìkejì. Moucharafou ò gbójú sókè wo Sidikatou.

Sidikatou dúró, ó sọ ọ́. Ó sọ bí ìdánwò ṣe lọ, ó sọ bí ẹni tó ṣíwájú ṣe ń ru ẹrù fún ẹni tó tẹ̀lé e, ó sọ pé òun fi ti Moucharafou síwájú láràárọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó sọ èsì tí òun dà nù. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fọwọ́ sí ohunkóhun lórí ìròyìn òun.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àlhájì Adamou ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Tantie, títí di àná, Ẹtu ló yá jù. Lónìí tí a fẹ́ fọwọ́ síwèé, Àjànàkú ti rí ẹsẹ̀. Nígbà wo lọkọ ẹ wá sílé?"

"Kò wá, Àlhájì."

"Fóònù ńkọ́? Ṣé ò pè ẹ́?"

Sidikatou ò lè parọ́. "Ó pè mí."

Àlhájì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, bí ẹni tó ti jẹun tán. Moucharafou fẹ́ dìde, Madame Denise fi ọwọ́ dá a dúró. Ó yíjú sí Nestor, ó bi í pé kí ló rí sí i. Nestor wo bàtà rẹ̀. Ó ní Tantie ló ṣe ìdánwò, ohun tí Tantie bá kọ ni òun gbà.

Èwo nínú ohun tó kọ? Kò sọ. Sidikatou lè dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kó ní ọmọ yìí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó sì rí i. Kò dárúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí a bá fi ipá wọ́ dé iwájú onídàájọ́, ẹ̀rí rẹ̀ kì í dúró. Ó ní kàkà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀rọ, kí Àlhájì fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí òun dúró síta.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Yàrá náà kéré, ó gbóná, agbádá Àlhájì nìkan ti gba ìdajì rẹ̀. Madame Denise ń sọ bọ́tìnì tó yẹ ní títẹ̀ fún un, Àlhájì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ata wò lọ́jà. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tàn án, wọ́n fi Ẹtu síwájú. Sidikatou dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Nọ́ńbà ń gòkè lójú ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Ẹtu ń wọ́. Àlhájì tẹ orí síwájú. Ẹtu parí, èsì rẹ̀ burú gẹ́gẹ́ bí Tantie ti wí. Madame Denise ní, ó yá, Àjànàkú ló kàn. Àlhájì gbé ìka rẹ̀ lé e.

Iná lọ.

Ohun gbogbo kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́, ariwo. Jẹnẹrétọ̀ gbá lẹ́yìnkùlé, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé nìkan ló ń gbé. Nínú òkùnkùn yẹn ni Àlhájì Adamou ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti rí i báyìí. Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn ni. Láàárọ̀ ó sọ èyí, ní ọ̀sán ó sọ tọ̀hún. Èyí tí mo rí ni pé Ẹtu wọ́. N ò rí Àjànàkú kó sáré. Madame, ẹ jẹ́ ká padà sókè ká fọwọ́ síwèé ti tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú."

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù fún Sidikatou, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni wọn ò gbà mọ́. Ó gbọ́ tí Moucharafou ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, agbádá ń họ ara ògiri.

"Mo ti rí èyí tó kù."

Nestor ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì tún un sọ ní Faransé kí ó má baà dà bí ẹni pé ó ṣì í sọ. "Mo bá Tantie níbí ní ọ̀sán. Mo rò pé ó ń yí i. Ó ní kí n jókòó sórí àga rẹ̀, kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo ṣe é síwá, mo ṣe é sẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ ló ń wọ́. Bó ṣe sọ ọ́ ló rí."

"Kí ló dé tóò sọ ọ́ lókè?" Àlhájì bi í.

"Ẹ̀rù bà mí, Àlhájì. Iṣẹ́ náà ti ń bọ̀ lọ́wọ́ mi."

Àlhájì Adamou wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, ẹ̀rín láti inú ikùn wá, ó ní òun ti ń fi ọkọ̀ ṣòwò láti ọdún pípẹ́, òun ò tíì rí ẹni tó ń ta ọjà tó ń bá oníbàárà ná ọjà ara rẹ̀ wálẹ̀.

Wọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Madame Denise ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹni tó ń ṣíwájú, kí wọ́n jẹ́ kí sáfà méjèèjì kọ́kọ́ sáré títí ara wọn á fi gbóná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí Nestor máa darí Àjànàkú, kí Moucharafou máa darí Ẹtu, kí wọ́n má yọ èsì kankan láìkọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Sidikatou sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ó sọ ọ́: ó ní Tantie ò ní fọwọ́ kan ìdánwò yìí mọ́, orúkọ ẹlòmíì ni yóò wà nísàlẹ̀ ìwé. Sidikatou ní ó dáa. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń tọrọ, kí wọ́n kọ ìdánwò àkọ́kọ́ sí ojú-ewé kìíní, bó ṣe lọ, bó ṣe wọ́, àti orúkọ ẹni tó ṣì í.

Madame Denise ní ìyẹn máa tàbùkù ilé-iṣẹ́.

"Madame," Sidikatou ní, "tí wọn ò bá mọ bí mo ṣe ṣì í, báwo ni wọ́n ṣe máa gba èyí tó tọ́ gbọ́?"

Wọ́n kọ ọ́. Ojú-ewé kìíní, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà.

Nígbà tí èsì tuntun jáde, kò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ kó rí. Bí èrò bá kéré, Ẹtu ló ń ṣíwájú, ìwọ̀nba ìka kan. Bí èrò bá ya dé, Àjànàkú ló ń dúró nígbà tí Ẹtu ti ń gbọ̀n, àmọ́ Àjànàkú fẹ́ ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí tí ilé-iṣẹ́ ní lọ. Ìgbìmọ̀ wo ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, wọ́n mú Ẹtu. Moucharafou pàdánù iṣẹ́ náà. Ní ibùdókọ̀, àwọn kan ní Tantie gbìyànjú láti ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò ṣeé ṣe. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí awakọ̀ kan àti akọ̀wé kan jà lórí ìwé ìrìnnà, ẹnì kan ní kí wọ́n lọ bá Tantie, ẹlòmíì ní kí wọ́n kúkú lọ bá Madame. Sidikatou gbọ́ ọ. Ó jókòó, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Moucharafou wá bá a ní Attécoubé. Sidikatou ń fọ ẹja lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ láti kí i, orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ, ó sì mọ̀ pé òun ò ní lè dìde láìsí olùrànlọ́wọ́. Moucharafou gbé e dìde. Ó fa ìròyìn náà yọ nínú àpò, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní àwọn kan ní Bouaké ń wá sáfà fún ilé-iṣẹ́ ìrẹsì wọn, ọjà wọn pọ̀, ẹ̀rọ wọn tóbi. Ó béèrè bóyá òun lè mú ìròyìn náà lọ fi hàn wọ́n.

"Ẹ mú un lọ, ọkọ mi."

Ó ti ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀. Ibi tí Àjànàkú ti dúró nígbà tí èrò ya dé ni. "Èyí náà ti tó," ó ní. "Èyí tó kù lè rú wọn lójú."

Sidikatou nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gba ojú-ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í padà sáàárín àwọn yòókù, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ìwé.

"Gbogbo rẹ̀ ni. Ibi tẹ́ ẹ ti na Ẹtu, ibi tí Ẹtu ti nà yín. Àti ojú-ewé tèmi."

Moucharafou wo ojú-ewé kìíní, ó wo orúkọ obìnrin tó fọ ìdí fún un. "Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín ní Bouaké, Ìyàwó."

"Kí wọ́n rín in," Sidikatou ní, ó sì tẹ̀ba sórí ẹja rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rín in."